Ta Ló Jẹ̀bi Ikú Igún?

Bí àgbà bá ń súre fún ọmọdé nílẹ̀ wa, ọ̀kan nínú ohun tí ó máa ń wí ni pé, "A kì í rí òkú igún léwe." Gbogbo ilé a ṣe àṣẹ, kálukú a sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí í dúró bi í pé, "Bàbá, ta ló lọ wo ìtẹ́ igún tí ẹ fi mọ̀?" Èmi náà kò béèrè rí, nítorí ẹni tí à ń súre fún kì í bi asúre ní ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ka ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí igún ilẹ̀ Íńdíà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi mọ́. Níbẹ̀, wọ́n rí òkú igún, tàgbà tèwe, lábẹ́ igi àti lórí ẹ̀ka igi, ọrùn wọn so rọ̀ bí èkísà. Kò sẹ́ni tó yìnbọn fún wọn, oúnjẹ kò sì wọ́n wọn. Àánú ni ó pa wọ́n. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ bi ẹ̀yin òǹkàwé ní ìbéèrè kan: bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ṣe ohun tí ó tọ́ lójú ara rẹ̀ àti lójú aládùúgbò rẹ̀, tí ibi ńlá sì ti ibẹ̀ jáde, ta ni a ó dá lẹ́bi?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni mí, kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Kí wọ́n ní sùúrù fún mi. Bí ẹyẹ bá tán, òwe tí a fi ẹyẹ náà pa yóò di ohun tí a ń túmọ̀ fún ọmọ nínú ìwé, iṣẹ́ tiwa sì nìyẹn.

Ní ilẹ̀ Íńdíà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹlẹ́sìn Híńdù kì í jẹ ẹran màlúù. Wọn a máa fún wàrà rẹ̀, wọn a máa fi akọ rẹ̀ túlẹ̀, bí ó bá sì kú, wọn a gbé e lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Àwọn oníṣẹ́ awọ a bó o, igún a sì gba ìyókù. Láàárín wákàtí díẹ̀, ọ̀wọ́ igún a ti jẹ màlúù kan tán ku egungun, àwọn tí ń ṣa egungun tà a sì wá kó o. Báyìí ni ilẹ̀ ṣe ń mọ́ láti ayébáyé, láìsí pé ìjọba sanwó oṣù fún ẹnikẹ́ni. Àwọn Parsi ìlú Mumbai, tí ẹ̀sìn wọn kò fẹ́ kí òkú ba ilẹ̀ tàbí iná jẹ́, tilẹ̀ ń tẹ́ òkú ènìyàn wọn sínú ilé gogoro kan tí kò ní òrùlé, kí igún lè wá ṣe iṣẹ́ ìsìnkú. Ní àwọn ọdún 1980 sí 1989, igún pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kí á kà wọ́n. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ni.

Ọ̀gbẹ́ni Vibhu Prakash, onímọ̀ ẹyẹ láti inú ẹgbẹ́ Bombay Natural History Society, wà lára àwọn díẹ̀ tó kà. Ní ọgbà Keoladeo tó wà ní Bharatpur, ó ka ìtẹ́ igún láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Nígbà tí ó tún padà lọ kà á ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ìtẹ́ ti ṣófo, àwọn tó kù sì ń tòògbé lórí igi bí ẹni tí ibà mú. Nígbà tí wọ́n wá ṣe ìṣirò gbogbo orílẹ̀-èdè láti ọdún 1992 títí dé 2007, nínú 1,000 igún elẹ́yìn funfun, bóyá ni ó ku ẹyọ kan. Oríṣi méjì mìíràn sàn díẹ̀: nínú 100, bíi 3 ló kù.

Àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ rò pé àrùn ni. Ọdún púpọ̀ kọjá kí Lindsay Oaks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń yẹ òkú igún wò ní Pakistan, tó rí okùn ọ̀ràn náà dì mú, tí wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 2004. Oògùn ìrora kan tí à ń pè ní diclofenac ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ bàbá wa tí orúnkún ń dùn ló ń gbé e mì. Ní àwọn ọdún 1990 sí 1999 ni oògùn yìí di olówó pọ́ọ́kú ní Íńdíà, tí àgbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gún màlúù tí ẹsẹ̀ ń dùn tàbí tí ọmú rẹ̀ wú. Ara màlúù gbà á. Ṣùgbọ́n bí ẹran náà bá kú ní ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́, tí igún sì jẹ ẹ́, kíndìnrín igún a dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ohun funfun bí ẹfun a bo ọkàn àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi kú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti mú mi lómi jù wà níwájú. Màlúù mélòó ni ẹ rò pé ó gba abẹ́rẹ́ yìí kí igún tó tán? Èmi rò pé ìdajì, tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ó tì o. Rhys Green àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìṣirò fi hàn ní ọdún 2004 pé bí oògùn náà bá wà lára òkú ẹran tí kò tilẹ̀ tó 1 nínú 100, ó ti tó. Ẹ jẹ́ kí á fi ìka kà á. Bí igún bá jẹun lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 3, yóò jẹun ní nǹkan bí ìgbà 120 lọ́dún. Ẹ wá jẹ́ kí á sọ pé òkú ẹran 1 péré nínú 200 ni májèlé wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ nínú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 120 kò lè máa ríi yẹ̀ sílẹ̀ títí. Nínú igún 100, bíi 45 ni yóò ti bá a pàdé kí ọdún tó yí po.

Ẹnìkan a ní, "Kò burú, wọn yóò bí òmíràn." Gan-an ni. Ẹyin kan ṣoṣo ni igún ń yé lọ́dún. Tọkọtaya ni wọ́n jọ ń sàba, tí wọ́n jọ ń fún ọmọ lóúnjẹ. Bí ọ̀kan bá kú, ọmọ wà nínú ewu. Ọmọ náà yóò lo nǹkan bí ọdún 5 kí òun náà tó yé ẹyin. Ẹ gbà pé gbogbo ìtẹ́ yè, tí a rí ọmọ 50 láti ara igún 100, èyí tí kò lè rí bẹ́ẹ̀ láé. Àwọn ọmọ yìí náà yóò jẹun fún ọdún 5 nídìí òkú ẹran kan náà. Bí bíi 45 nínú 100 bá ń kú lọ́dọọdún, nínú ọmọ 50, àwọn tí yóò di òbí kò ju 2 tàbí 3 lọ.

Ẹ wá fi eku wé e. Eku a bímọ púpọ̀, púpọ̀ a sì kú. Ejò, àwòdì, ológbò, pàkúté, gbogbo wọn ni wọ́n ń jẹ nínú rẹ̀, síbẹ̀ kí àgbàdo ọdún tó ń bọ̀ tó gbó, eku ti kún oko. Ìyá eku kò gbára lé pé òun yóò pẹ́ láyé. Igún ní tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ó fi ọmọ púpọ̀ sílẹ̀, ó mú ẹ̀mí gígùn. Ìran rẹ̀ kò lè dúró àfi bí àgbà igún bá ń rí ọ̀pọ̀ ọdún lò, tí ó ń yé ọ̀kan lónìí, ọ̀kan ní àmọ́dún. Níbi tí mo bá ìṣirò dé yìí ni mo ti rántí àdúrà àwọn bàbá wa. Mo ti máa ń rò pé wọ́n kàn ń fi ẹ̀mí gígùn igún ṣe àpèjúwe ni. Nísinsìnyí mo rí i pé ohun tí wọ́n wí gan-an ni òpó tí ó gbé ilé igún ró: ìran tí a kì í rí òkú rẹ̀ léwe kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú léwe. Wọn kò lo ìwé ìṣirò, ojú ni wọ́n fi ṣe é.

Oúnjẹ tí igún fi sílẹ̀ kò ṣòfò. Ajá ìgboro, tí í bí ọmọ mẹ́fà mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, ló wá gbà á. Ajá pọ̀ sí i lẹ́yìn ìlú, àwọn ènìyàn tí ajá ń bù jẹ sì pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ Íńdíà wà lára àwọn ilẹ̀ tí àrùn dìgbòlugi ti ń pa ènìyàn jù láyé. Àwọn kan a tún ju òkú ẹran sínú odò. Ní ọdún 2024, Eyal Frank àti Anant Sudarshan, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, fi àwọn àgbègbè tí igún ti pọ̀ tẹ́lẹ̀ wé àwọn àgbègbè tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní i. Wọ́n ṣírò pé láàárín ọdún 2000 sí 2005, ènìyàn tó tó 500,000 ló kú tí wọn kì bá tí kú bí igún bá wà. Mo ka iye náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á gbọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á jókòó ìgbẹ́jọ́. Ẹ mú àgbẹ̀ wá. Ó ní màlúù kan, màlúù náà ń kérora, ó fi owó tí kò tó nǹkan ra oògùn fún un. Bí ó bá jókòó wò ó títí ó fi kú, àwa ni a ó kọ́kọ́ pè é ní ìkà. Ẹ mú ẹni tó ṣe oògùn náà wá: ènìyàn tí ìrora ń bá jà ni ó ń rò, ó sì wúlò fún wọn títí di òní. Dókítà ẹran ńkọ́? Iṣẹ́ tí a fi kọ́ ọ ni ó ṣe. Ẹni tó ń ta á? Ó tà á fún ẹni tó bèèrè. Ajá ni a ó wá mú bí? Ebi ń pa á.

Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni pé àánú kò ní ojú púpọ̀. Màlúù tí ń kérora, ojú rí i, etí gbọ́ ọ, ọwọ́ sì lè kàn án. Ìran igún lápapọ̀ kò ní ojú tí ó fi ń wo ènìyàn kí àánú rẹ̀ lè ṣe é. Bóyá èdè wa lè ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀ níhìn-ín. Òyìnbó tó bá fẹ́ dárúkọ igún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu bóyá ẹyọ kan ni tàbí púpọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀ yóò yí padà. Ọ̀rọ̀ orúkọ tiwa kì í yí. "Igún bà sórí òrùlé": ó lè jẹ́ ọ̀kan, ó lè jẹ́ ogún. Nígbà tí àgbà sì ń pa òwe igún, ẹyẹ kan pàtó kọ́ ló ní lọ́kàn, igún tó ti wà kí a tó bí i ni, èyí tí yóò wà lẹ́yìn rẹ̀. Igún kan lè kú ní àárọ̀ yìí, kí igún má sì kú. Ṣùgbọ́n ẹnu wa kan náà ni yóò wí pé "igún kú" ní ọjọ́ tí ìkejì náà bá ṣẹlẹ̀, a lè má sì mọ̀ pé ohun tí a sọ ti yàtọ̀.

Ìdájọ́ tèmi rè é, kí ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí kọ tirẹ̀ ránṣẹ́ fún ìwé tó ń bọ̀. Kí ọdún 2004 tó dé, n kò rí ẹni tí mo lè nàka sí. Ibi ṣẹlẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àwọn kan ò ní fẹ́ gbọ́ èyí, nítorí ọkàn ènìyàn kì í fẹ́ kí àdánù ńlá wà láìní olóhun. Lẹ́yìn ọdún 2004, ọ̀rọ̀ yí. Wọ́n ti mọ̀ pé oògùn mìíràn wà, meloxicam, tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà tí kò sì pa igún lára. Ní ọdún 2006 ìjọba Íńdíà fi òfin de diclofenac fún ẹran. Àwọn kan wá ń ra ti ènìyàn, èyí tó wà nínú ìgò ńlá, wọ́n sì ń fi gún màlúù, nítorí kò wọ́n. Ó di ọdún 2015 kí òfin tó ní kí ìgò ti ènìyàn má ṣe ju ìwọ̀n 3 ml lọ, kí ó lè ṣòro láti fi tọ́jú ẹran. Ẹni tó bá gún màlúù rẹ̀ ní diclofenac lẹ́yìn tí a ti sọ fún un, tí meloxicam wà ní tòsí, ti kúrò lábẹ́ àánú. Ẹni tó ṣe ìgò ńlá fún èrè, tó sì mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ, ẹ̀bi tirẹ̀ pọ̀ ju ti àgbẹ̀ lọ lójú mi, nítorí òun kò gbọ́ ìkérora kankan.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí ní gbọ̀ngàn oúnjẹ bi mí pé, "Ká ní ajá kò pọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò kú, ṣé wàá tún bìkítà?" Ìbéèrè náà gún mi. Nínú gbogbo ohun tí a ń kọ nípa igún lónìí, ìwúlò rẹ̀ ni à ń kà: ó ń gbá ilẹ̀, ó ń lé àrùn. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ yìí ni etí ìjọba ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Bí ó bá jẹ́ nítorí iṣẹ́ ìgbálẹ̀ nìkan ni a ṣe ń fi igún sílẹ̀ láàyè, ọjọ́ tí a bá rí ẹ̀rọ tó ń sun òkú ẹran ni a lè lé e lẹ́nu iṣẹ́. Èsì tí mo fún ọ̀rẹ́ mi kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo ní igún ti wà lójú ọ̀run kí ẹnikẹ́ni tó fi abẹ́rẹ́ gún màlúù, kò sì gba àyè lọ́wọ́ wa. Nítorí náà ẹni tó fẹ́ mú un kúrò ni yóò wí tẹnu rẹ̀, igún kọ́ ni yóò wá rojọ́ ohun tí ó wúlò fún. Ó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rọrùn lẹ́nu ẹni tí kò ní màlúù. Òótọ́ wà nínú èyí, n kò sì tíì rí èsì rẹ̀.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí á máa wo Íńdíà nìkan. Àwọn bàbá wa wí pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún. Wọ́n tún gbà pé ẹbọ tí igún bá bà lé, tí ó jẹ, ẹbọ náà ti fín. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan a máa fi irú èèwọ̀ báyìí rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí ẹyẹ tó ń yé ẹyin kan lọ́dún, bí èèwọ̀ kò bá ṣọ́ ọ, kí ni yóò ṣọ́ ọ? Èèwọ̀ náà ló ti ń di ohun ẹnu. Ẹni tó bá dé ìsọ̀ lẹ́kùlẹ́jà ní ọjà ńlá wa mọ̀ pé orí igún kò ṣòro láti rí rà bí owó bá wà. Àwọn kan ní ó ń la ojú ẹni sí ohun tó ń bọ̀, àwọn kan ní ó ń mú ọjà tà. Igún kékeré tí a mọ̀ ní odò ẹran àti lórí ààtàn wa ni àjọ IUCN ti kà mọ́ àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátápátá láti ọdún 2015. Ní Guinea-Bissau, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ó lé ní 2,000 irú igún yìí tí a fi májèlé pa, a sì bá òmíràn láìní orí. Àwọn yẹn, a kò lè ní àánú ni ó pa wọ́n.

Nítorí náà, bí àgbẹ̀ Íńdíà bá wá síwájú wa, ó lè bi wá léèrè ohun tí àwa rí tí a fi ń ṣe adájọ́. Òun kò mọ̀. A ti kìlọ̀ fún àwa láti ẹnu àwọn tó bí wa. Ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation ti ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sọ ọ́ pé kí wọ́n fi ewé àti egbò rọ́pò igún, àwọn kan sì ti gbà. Ní Pinjore, ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń sin igún sínú ilé láti ọdún 2001, wọn a máa mú ẹyin àkọ́yé kúrò lábẹ́ ìyá rẹ̀ kí ó lè yé ìkejì lọ́dún kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn tuntun ń jáde. Ọ̀kan nínú wọn, aceclofenac, a máa di diclofenac nínú ara màlúù. Ọdún 2023 ni wọ́n tó fòfin dè é fún ẹran.